Rédà àti Ìgbì Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ìdílé ti ẹgbẹ́ wa

Ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi rédà wo ìgbì òkun. Bí ẹnìkan bá ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ni tèmi nínú ìyẹn?", n kò bá a jà. Kí ó sáà fún mi ní àkókò díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń kó ọmọ lọ sílé nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ. Bí àwọn ọmọ bá ti dé Èkó, etíkun ni wọ́n ń béèrè. Ojú ọjọ́ lè mọ́ kedere, kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ rárá, kí òjò má sì sí. Síbẹ̀, ìgbì ńlá lè dìde lójijì kí ó gbá ẹni tí omi kò mu kọjá orókún lọ. Àwọn ará ilé á ní òkun bínú. Òótọ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìgbì yẹn kì í ṣe ọmọ Èkó. Ìjì kan ni ó bí i ní ìsàlẹ̀ ayé, ní ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ní nǹkan bí 6,000 kìlómítà sí ibi tí ọmọ yín dúró sí, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí ó ti wà lójú ọ̀nà. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, ó ṣeé ṣe kí rédà tí ó wà lójú ọ̀run ti rí i. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rédà fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ. Èkíní, ohun tí ìgbì jẹ́. Èkejì, bí rédà ṣe ń rí i. Ẹ̀kẹta, ìṣòro tí àwọn onímọ̀ bá pàdé àti bí wọ́n ṣe borí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, èrè tí ó wà níbẹ̀ fún wa.

KÍ NI ÌGBÌ?

Afẹ́fẹ́ ni ìyá ìgbì. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lórí omi, ojú omi á kọ́kọ́ rú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí awọ ara ẹni tí òtútù mú. Bí afẹ́fẹ́ náà bá le, tí ó sì pẹ́, tí ojú omi tí ó ń fẹ́ lé lórí sì gbòòrò, ìgbì wẹ́wẹ́ wọ̀nyí á dàgbà di ìgbì ńlá. Ohun mẹ́ta yìí, agbára afẹ́fẹ́, bí ó ṣe pẹ́ tó, àti bí ojú omi náà ṣe gùn tó, ni ó ń pinnu bí ìgbì yóò ṣe tóbi tó.

Ẹ má ṣe rò pé omi fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn láti ibi ìjì wá sí Èkó. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́bàá oko àgbàdo nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ á ti rí bí orí àgbàdo ṣe ń tẹ̀ láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì. Àgbàdo kò kúrò lójú kan. Ìtẹ̀ náà ni ó rìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi òkun. Igi tí ó léfòó lórí rẹ̀ á lọ sókè, á sọ̀ kalẹ̀, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Agbára ni ìgbì ń gbé kiri.

Àkókò tí ó wà láàárín kí orí ìgbì kan kọjá àti kí orí èyí tí ó tẹ̀ lé e dé ni a fi ń mọ irú ìgbì tí ó jẹ́. Ní òkun tí ó jìn, bí àkókò yẹn bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, láti orí ìgbì kan dé orí èkejì á tó mítà 156. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15, á tó nǹkan bí mítà 350. Èyí tí ó gùn ni ó ń yára jù. Ọ̀wọ́ ìgbì oní-ìṣẹ́jú àáyá 15 ń rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà lójúmọ́ kan. Ti oní-ìṣẹ́jú àáyá 10 ń rin nǹkan bí 670. Nítorí náà, bí ìjì kan bá jà ní ọ̀nà jíjìn, ìgbì gígùn ni ó ń kọ́kọ́ gúnlẹ̀, àwọn kúkúrú á wá máa tẹ̀ lé wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n jọ jáde nílé kan náà ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn kò yá bákan náà. Ẹni tí ó bá ka ìyàtọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dé lè fi ìṣirò mọ bí ibi tí wọ́n ti wá ṣe jìnnà tó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Walter Munk ti Amẹ́ríkà ṣe irú ìṣirò yìí ní ọdún 1963. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ibùdó mẹ́fà sí ojú ọ̀nà kan nínú òkun Pàsífíìkì, láti New Zealand títí dé Alaska. Wọ́n tẹ̀ lé ìgbì tí ìjì bí ní ìhà Antarctica títí tí ó fi la òkun ńlá náà já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọ́n fi hàn pé ìgbì kì í gbàgbé orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùdó mẹ́fà kò lè ṣọ́ gbogbo òkun ayé. Ojú mìíràn ni a nílò.

BÍ RÉDÀ ṢE Ń RÍ ÌGBÌ

Rédà kì í ṣe kámẹ́rà. Kámẹ́rà ń dúró de ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Rédà ní tirẹ̀ ń rán ìgbì rédíò jáde, ó sì ń tẹ́tí sí èyí tí ó bá padà wá, bí ẹni tí ó dúró lẹ́sẹ̀ òkè tí ó pariwo, tí gbohùngbohùn sì dá a lóhùn. Nítorí èyí, òru kò ní kí ó má ríran, ìkùukùu kò sì lè dí i lójú. Àǹfààní ńlá ni èyí lórí òkun, nítorí ibi tí ìjì ti ń jà gan-an ni ìkùukùu ti máa ń bo ojú omi.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1935, lẹ́bàá Daventry, Robert Watson-Watt àti Arnold Wilkins lo ìgbì rédíò láti ilé-iṣẹ́ BBC láti fi hàn pé ọkọ̀ òfuurufú ń dá ìgbì rédíò padà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, àwọn ọkọ̀ ogun ń fi rédà wá ọkọ̀ ọ̀tá lójú omi. Ohun kan ń yọ wọ́n lẹ́nu: òkun fúnra rẹ̀ ń dá ìgbì rédíò padà, ó sì ń dà ojú ẹ̀rọ wọn rú bí òkúta inú ìrẹsì. Ìdọ̀tí ni wọ́n kà á sí. Lẹ́yìn ogun ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, kí ni ìdọ̀tí yìí ń sọ?

Ọ̀kan nínú wọn ni Douglass Crombie ti New Zealand. Ní ọdún 1955, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé òun fi ìgbì rédíò tí ó gùn tó mítà 22 wo òkun, òun sì rí i pé èyí tí ó padà wá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí òun rán lọ. Ẹ ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ ambúláńsì rí. Bí ó bá ń bọ̀, ó ń dún ní ohùn òkè. Bí ó bá ti kọjá, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Irú ìyàtọ̀ yẹn ni Crombie kà. Ó fi mọ̀ pé ìgbì òkun tí ó gùn tó mítà 11, ìyẹn ìdajì mítà 22, ni ó ń dá rédíò náà padà.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìdajì? Bí orí ìgbì bá tò tẹ̀ lé ara wọn, rédíò tí ó lu orí kejì ti rin ìrìn àlọ àti àbọ̀ ju èyí tí ó lu orí kìíní lọ. Bí àlàfo tí ó wà láàárín wọn bá jẹ́ ìdajì gígùn rédíò náà, àlọ àti àbọ̀ á jẹ́ odindi kan, gbogbo èyí tí ó ń padà á sì bọ́ sí ẹsẹ̀ kan náà. Ó dàbí ìgbà tí onílù mẹ́wàá bá jọ lu ìlù wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ìró á rinlẹ̀. Bí àlàfo náà bá yàtọ̀, oníkálukú á máa lu tirẹ̀, ìró kan á sì máa pa èkejì.

Rédà ojú ọ̀run kì í lo rédíò tí ó gùn tó ti Crombie, ó sì ń wo omi láti òkè pẹ̀lú ìdagun díẹ̀, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ yí padà. Rédà tí rédíò rẹ̀ gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6 lè máa gbọ́ èsì láti ọ̀dọ̀ ìgbì wẹ́wẹ́ tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7. Ẹ ó wá béèrè pé, bí ó bá jẹ́ ìgbì wẹ́wẹ́ ni ó ń gbọ́, báwo ni ó ṣe ń rí ìgbì ńlá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìgbì ńlá ni ó ń pọn ìgbì wẹ́wẹ́ sẹ́yìn bí ìyá ti ń pọn ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ ìgbì ńlá tí ó kọjú sí rédà ń dá èsì tí ó pọ̀ padà, ó ń mọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kẹ̀yìn sí i ń dá díẹ̀ padà, ó ń ṣú. Bákan náà, ìgbì ńlá máa ń kó ìgbì wẹ́wẹ́ jọ sí ibì kan, á sì tú wọn ká níbòmíràn. Àwòrán tí ó ń jáde á wá ní ilà mímọ́ àti ilà dúdú tí ó tẹ̀ lé ara wọn bí ilà ara aṣọ òkè. Bí a bá wọn àlàfo láàárín ilà méjì, a mọ gígùn ìgbì. Bí a bá wo ibi tí ilà náà dojú kọ, a mọ ojú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà.

Ohun méjì ni kí ẹ fi kún un. Bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ rárá, ìgbì wẹ́wẹ́ kò ní sí, rédà kò sì ní rí ohun kan. Èkejì, epo máa ń pa ìgbì wẹ́wẹ́. Ibi tí epo bá dà sí lójú òkun máa ń dúdú nínú àwòrán rédà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ẹ̀rọ kan náà láti ṣọ́ epo rọ̀bì tí ó dà sínú omi.

Rédà lásán tí ọkọ̀ òkun fi ń ṣọ́ra fún ọkọ̀ mìíràn náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Rédíò rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, eríàlì rẹ̀ sì ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ní ọdún 1985, Ian Young, Wolfgang Rosenthal àti Friedwart Ziemer fi hàn pé bí a bá to àwòrán tí rédà náà yà tẹ̀ lé ara wọn, a lè mọ gígùn ìgbì, ọ̀nà tí ó kọjú sí àti eré tí ó ń sá. Wọ́n tún rí ohun kan tí ó dùn mọ́ni. A ti mọ iye eré tí ó yẹ kí ìgbì tí ó gùn tó báyìí sá. Bí ó bá wá ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé omi tí ó gbé e fúnra rẹ̀ ń ṣàn, bí ẹni tí ń rìn lórí ọ̀nà onímọ́tò tí ń gbé èrò ní pápákọ̀ òfuurufú. Báyìí ni a ṣe ń fi ìgbì mọ ìṣàn omi.

RÉDÀ GÒKÈ Ọ̀RUN

Bí eríàlì bá kéré, ojú rédà kì í mú. Láti nǹkan bí 800 kìlómítà sókè, eríàlì onímítà 10 kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun méjì tí wọn kò bá fi nǹkan bíi kìlómítà 5 jìnnà síra. Ìgbì onímítà 200 kò lè hàn níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó rí ohun tí ó tó mítà 25, eríàlì náà ní láti gùn tó nǹkan bí kìlómítà 2. Ta ni yóò gbé e gòkè?

Carl Wiley, ará Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n dá sí i ní ọdún 1951. Èrò rẹ̀ ni pé kí eríàlì kékeré máa rìn lọ, kí ó máa ké bí ó ti ń lọ, kí a tọ́jú gbogbo èsì tí ó gbọ́ ní ibi gbogbo tí ó gbà kọjá, kí a sì wá fi ìṣirò pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé eríàlì gígùn kan ṣoṣo ni ó gbọ́ gbogbo wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ NASA gbé sátẹ́láìtì Seasat lọ sójú ọ̀run. Òun ni ó kọ́kọ́ gbé irú rédà yìí lọ wo òkun. Ilà ìgbì hàn nínú àwòrán rẹ̀ kedere. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, iná mànàmáná inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì dákẹ́ láìpé oṣù mẹ́rin. Àwòrán rédà tí ó fi sílẹ̀ kò ju nǹkan bí wákàtí 42 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi jẹun lórí rẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù gbà á níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1991, wọ́n gbé ERS-1 gòkè. Ó ń ya àwòrán kékeré kan lójú òkun ní gbogbo 200 kìlómítà, tọ̀sán tòru. ERS-2 tẹ̀ lé e ní ọdún 1995, Envisat ní ọdún 2002, títí tí òun náà fi dákẹ́ ní ọdún 2012. Láti ọdún 2014 ni àwọn Sentinel-1 ti wọ iṣẹ́. Lójú agbami òkun, ní gbogbo 100 kìlómítà, wọ́n ń ya àwòrán tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 20, tí ó sì gùn tó kìlómítà 20. Ọ̀kan nínú wọn, Sentinel-1B, bàjẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Sentinel-1C gòkè ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

ÌṢÒRO OMI TÍ KÌ Í DÚRÓ

Ọgbọ́n Wiley ní àbùkù kan. Ìṣirò rẹ̀ gbà pé ohun tí a ń wò dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń sáré bọ̀ sí ìhà rédà, kì í hàn lórí ojú irin nínú àwòrán; ẹ̀gbẹ́ ni ó máa ń hàn sí, bí ẹni pé ó ń gba inú oko kọjá. Ọkọ̀ òkun náà máa ń hàn kúrò lórí ipa omi tí ó là sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Omi inú ìgbì kì í sì í dúró. Bí omi bá ń bọ̀ sí ìhà rédà ERS-1 ní ìwọ̀n mítà kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán rẹ̀ á yẹ̀ ní ipò ju 100 mítà lọ. Nítorí náà, ilà ìgbì lè ṣùpọ̀ sí ibi tí kò yẹ. Ìgbì kúkúrú tí ó ń rìn ní ojú ọ̀nà sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ lè parẹ́ pátápátá nínú àwòrán.

Ẹni tí ó tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí jùlọ ni Klaus Hasselmann. Ní ọdún 1991, òun àti ìyàwó rẹ̀ Susanne tẹ ìṣirò kan jáde tí ó ń sọ bí ìgbì tòótọ́ ṣe ń di àwòrán tí ó wọ́, àti bí a ṣe lè gba ọ̀nà kan náà padà láti inú àwòrán lọ bá ìgbì tòótọ́. Nínú ìṣirò wọn, a ó kọ́kọ́ fojú bu irú ìgbì tí ó lè wà níbẹ̀, a ó ṣírò irú àwòrán tí ó yẹ kí ó mú wá, a ó fi wé èyí tí rédà yà, a ó wá máa tún ìfojúbù wa ṣe títí méjèèjì yóò fi bára mu.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ìtàn Hasselmann. Hamburg ní Jámánì ni a bí i sí ní ọdún 1931. Nígbà tí ìjọba Hitler dé, àwọn òbí rẹ̀ kó o sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1934. Welwyn Garden City, ní àríwá London, ni ó gbé dàgbà, ó sì lé ní ọdún 10 tí ó fi jẹ́ ọmọ àlejò níbẹ̀. Ní ọdún 1949 ni ó padà sí Hamburg. Ní ọdún 2021, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì, òun pẹ̀lú Syukuro Manabe àti Giorgio Parisi, nítorí iṣẹ́ wọn lórí ojú ọjọ́ ayé àti irú ètò tí ó díjú bẹ́ẹ̀. Jíjẹ́ ọmọ àlejò kò dí ọgbọ́n lọ́wọ́.

Ìṣòro kan ṣì kù. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá ìgbì ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀, bí àwòrán ẹni tí ó dúró lórí àtẹ̀gùn kò ti lè sọ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀. Ní ọdún 1995, Geir Engen àti Harald Johnsen ti Norway fi hàn pé a lè pín èsì rédà sí ọ̀nà méjì tí ó fi ìwọ̀n àkókò díẹ̀ yàtọ̀ síra, kí a fi ọ̀kan wé èkejì, kí a sì mọ apá ibi tí ìgbì sún sí. Ìlànà yẹn ni iṣẹ́ rédà ìgbì dúró lé lónìí.

OHUN TÍ A TI RÍ KỌ́

Ní ọdún 2009, Fabrice Collard, Fabrice Ardhuin àti Bertrand Chapron ti ilẹ̀ Faransé fi hàn pé a lè kó àwòrán rédà jọ láti àárín agbami òkun, kí a tọ ipa ìgbì padà sí ìjì tí ó bí i, kí a sì sọ ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀ níbòmíràn. Ohun tí Munk fi ibùdó mẹ́fà ṣe, sátẹ́láìtì ń ṣe é lórí gbogbo òkun.

Ìgbì òmìrán náà wà níbẹ̀. Láyé àtijọ́, bí atukọ̀ bá sọ pé òun rí ìgbì tí ó ga bí ilé alájà mẹ́jọ, àwọn ènìyàn á ní ọtí ni ó ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1995, ẹ̀rọ kan lórí pèpéle Draupner ní òkun Àríwá wọn ìgbì kan tí ó ga tó mítà 25.6. Ní ọdún 2001, ìgbì fọ́ fèrèsé yàrá ìtukọ̀ ọkọ̀ méjì, Bremen àti Caledonian Star, ní gúúsù Àtìláńtíìkì. Ní ọdún 2004, àjọ òfuurufú Yúróòpù kéde pé nínú àwòrán ERS ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, àwọn onímọ̀ rí ìgbì tí ó ju 10 lọ tí gíga wọn ju mítà 25 lọ. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gba bí wọ́n ṣe ka àwòrán wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún ń fi atukọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, sátẹ́láìtì SWOT, tí ó ń lo irú rédà mìíràn, wọn ìgbì ìjì kan tí wọ́n pè ní Eddie ní àríwá òkun Pàsífíìkì. Ìwọ̀n ìgbì tí ó ga jù níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 20. Ìgbì rẹ̀ rìn láti ibẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà títí ó fi wọ òkun Àtìláńtíìkì.

Ìmọ̀ yìí kì í jókòó sínú ìwé lásán. Ní Reading, tí ọ̀pọ̀ wa ń wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá, ilé-iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti Yúróòpù, tí a ń pè ní ECMWF, ń fi gíga ìgbì tí rédà wọ̀n láti ojú ọ̀run tún ìṣirò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Àwọn baba wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn wọ̀nyí náà ń bi òkun léèrè lójoojúmọ́.

Ọ̀RỌ̀ DÉLÉ

Ìgbì tí ń lu etíkun wa láti Lomé dé Kútọnu dé Èkó, gúúsù àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìgbà òtútù ni ní ìsàlẹ̀ ayé, ìjì sì ń jà kíkankíkan níbẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ wa ń gba ìsinmi.

Ìgbì yìí máa ń gba etíkun ní ìdagun, ó sì ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ lè máa wọlé. Ògiri náà dá yanrìn dúró. Etíkun tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, Bar Beach tí ó wà ní ìlà-oòrùn sì ń jẹ lọ lọ́dọọdún. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island, ó gbá ilé lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lónìí, ògiri òkúta Eko Atlantic dúró ní ibi tí Bar Beach wà. Ẹni tí yóò mọ ògiri sí ẹnu òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbì, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ìgbì àti yanrìn yóò yà sí.

Ní ti àwa òbí, ìmọ̀ràn tí mo rí fà yọ kò pọ̀. Ẹ má ṣe fi ojú ọjọ́ tí ó mọ́ díwọ̀n òkun. Ojú ọjọ́ Èkó kò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ìgbì kí ẹ tó kó ọmọ jáde, kí ẹ wo gíga ìgbì àti iye ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. Bí iye náà bá ti wọ 14 tàbí 15, arìnrìn-àjò ọ̀nà jíjìn ti dé nìyẹn. Ìgbì irú èyí máa ń rìn ní ọ̀wọ́: omi á rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn ńlá á wá dé tẹ̀ léra wọn. Nítorí náà, ẹ jókòó lórí yanrìn fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ wòye, kí ẹnikẹ́ni tó tẹsẹ̀ bọ omi. Ẹni tí omi bá ń fà lọ sínú, kí ó má bá a wọ̀yá ìjà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí omi yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ní ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìṣirò àti físíìsì ń sú, ẹ rántí pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán Sentinel-1. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àti sùúrù lè gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nílé, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Victoria Island láti ọdún 1975, ẹ̀ka ìmọ̀ òkun sì wà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ níhìn-ín kò ní ṣe aláìrí ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ìgbì ń tọ́ka sí ibi tí ó ti wá. Kí tiwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ń kó ọmọ lọ sílé, bí a ti kó wọn lọ ni kí a kó wọn bọ̀. Olódùmarè kò ní jẹ́ kí omi gbé wa lọ́mọ. Mo dúró de ìbéèrè yín o.